Bí A Ṣe Ń Bá Òyìnbó Ìlú Ọba Jókòó Jẹun

Òyìnbó Ìlú Ọba kì í bá àlejò wí nídìí oúnjẹ. Bí ẹ lá ọ̀bẹ, bí ẹ nawọ́ gba iwájú ẹlòmíì kọjá láti mú iyọ̀, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò rí i, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ òjò tó ń rọ̀ níta lọ. Nílé tiwa, àgbà kan á ti là yín lóhùn kí òkèlè tó dé ọ̀fun. Lọ́hùn-ún, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i. Nítorí náà, ó yẹ kéèyàn ti mọ ètò náà kó tó fa àga, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́, tí ọ̀gá, olùkọ́ tàbí aládùúgbò ní kó wá bá àwọn jẹun.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pè yín

"Lunch" ni oúnjẹ ọ̀sán. "Dinner" ni oúnjẹ alẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará gúúsù England, ṣùgbọ́n ní àríwá, níbi bíi Yorkshire àti Lancashire, ọ̀pọ̀ ló ń pe oúnjẹ ọ̀sán ní "dinner", tí wọ́n sì ń pe ti ìrọ̀lẹ́ ní "tea". Bí aládùúgbò yín ní Leeds bá ní kí ẹ wá fún "tea" ní aago 5:30, ẹ má jẹun yó lọ. Kì í ṣe tíì àti bisikíìtì lásán ni wọ́n ń sọ; pòtétò, ẹran àti gravy, ìyẹn ọbẹ̀ omi ẹran, lẹ máa bá lórí tábìlì. "Supper" ni oúnjẹ alẹ́ tí kò la ariwo lọ, tí wọ́n tilẹ̀ lè jẹ nínú ilé ìdáná. "Afternoon tea" yàtọ̀ sí gbogbo èyí, a ó dé orí rẹ̀.

Tí RSVP bá wà lórí káàdì, èsì ni wọ́n ń béèrè. Ẹ fèsì láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ó jẹ́ "mò ń bọ̀" tàbí "mi ò ní lè wá". "Bí Ọlọ́run bá fẹ́, màá gbìyànjú" kì í ṣe èsì létí wọn, torí iye orí ni wọ́n fi ń ra ẹran. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìpè nìkan ni wọ́n pè: ẹ má mú àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ dání láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Ìkòkò wọn kì í ní ti ẹni tó ṣèèṣì yà bíi tiwa. Inú èsì yìí kan náà lẹ ti máa sọ ohun tí ẹ kì í jẹ, bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, ọtí ni, tàbí ẹ̀pà tí ara yín kì í gbà. Onílé tó bá gbọ́ lọ́jọ́ márùn-ún ṣáájú á se nǹkan míì láìbínú. Ohun tó ń dùn wọ́n ni kí àlejò dákẹ́ títí àwo á fi délẹ̀, kó wá máa ṣa ẹran sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Aago wá ńkọ́? Fún ilé èèyàn, bí wọ́n bá ní aago 7:30, ẹ kanlẹ̀kùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣáájú aago rárá: ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn yẹn ni onílé fi ń gbálẹ̀, tó fi ń wá bàtà wọ̀. Bí ẹ bá máa pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ láago. Tó bá jẹ́ ilé àrójẹ, aago tí ẹ jọ dá gan-an ni kí ẹ bá a. Ìwé ìpè òde ńlá lè sọ pé "7.30 for 8". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti aago 7:30 ni ẹ lè máa dé, kí ẹ máa mu nǹkan lórí ìdúró. Ní aago mẹ́jọ gééré, kálukú á jókòó, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ojú á yí sí i.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ìgò wáìnì kan, páálí ṣokoléètì tàbí òdòdó ti tó. Bí onílé ò bá ṣí wáìnì yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti ní èyí tó bá oúnjẹ rẹ̀ mu nílẹ̀ ni. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé lọ láìsọ ni oúnjẹ sísè. Kúlà jọ̀ọ́lọ́ọ̀fù yẹn, bó ti wù kó ta sánsán tó, ohun tó ń sọ fún onílé ni pé ẹ ò gbọ́kàn lé ìkòkò rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá jókòó

Ẹ dúró lẹ́yìn àga títí onílé á fi nàka sí ibi tí ẹ máa jókòó. Àwọn míì tilẹ̀ máa ń kọ orúkọ síwájú àwo. Tí ẹ bá ti jókòó tán:

1. Ẹ mú nápíkìn, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ sórí itan, kí ojú ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ kọ sí yín. Ẹ má kì í bọ ọrùn aṣọ bíi ti ọmọdé. Inú rẹ̀ lẹ máa fi nu ẹnu, kí àbàwọ́n fi ara pamọ́.

2. Ẹ pa fóònù lẹ́nu mọ́, ẹ fi sínú àpò. Kì í ṣe orí tábìlì, kódà kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀.

3. Ẹ má fọwọ́ kan búrẹ́dì tàbí gíláàsì wáìnì kí onílé tó mú tiẹ̀. Omi ni ẹ lè mu.

4. Bí ẹ bá fẹ́ dìde díẹ̀ láàárín oúnjẹ, orí àga ni nápíkìn ń gbé. Tí ẹ bá jẹun tán pátápátá, ẹ fi sí apá òsì àwo bó ṣe rí, láìká a dáadáa. Èyí tí a ká bí aṣọ tuntun dà bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n fún ẹlòmíì lò.

Irin tó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ló máa ń já ọ̀pọ̀ láyà, bẹ́ẹ̀ òfin kan ṣoṣo ló dè é: ìta lẹ ti ń bọ̀ wá sínú. Fọ́ọ̀kì wà lósì, ọ̀bẹ wà lọ́tùn-ún, ojú ọ̀bẹ kọ sí àwo. Tí súùpù bá wà, ṣíbí rẹ̀ ló máa wà lọ́tùn-ún pátápátá, torí òun ló kọ́kọ́ ń bọ̀. Oúnjẹ kejì, ẹ mú fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ tó kù níta jù, bẹ́ẹ̀ ni títí tí ẹ ó fi dé ẹ̀gbẹ́ àwo. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì kékeré tó dùbúlẹ̀ lókè àwo, ti pudding, ìyẹn oúnjẹ dídùn ìgbẹ̀yìn, ni, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwo kékeré tó wà lósì ni ti búrẹ́dì yín, gíláàsì tó wà lọ́tùn-ún ni tiyín. Ibí yìí ni wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì ẹlòmíì jù, tí ẹni yẹn á sì gba ti ẹni kejì rẹ̀, tí gbogbo tábìlì á dàrú. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan lábẹ́ tábìlì, ẹ fi àtàǹpàkò kan ìka tó tẹ̀ lé e, kí àwọn mẹ́ta yòókù nà gbọọrọ. Ọwọ́ òsì á di "b", b fún búrẹ́dì. Ọwọ́ ọ̀tún á di "d", d fún drink.

Fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ lọ́tùn-ún, fọ́ọ̀kì lósì, títí oúnjẹ á fi tán. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ ilé wa ti ń ta ko tiwọn, torí ọwọ́ òsì tí wọ́n ní ká má fi jẹun, ká má fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òun náà ni yóò máa gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lọ́wọ́ nílé fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ: iṣu díndín àti ẹyin ti tó fi kọ́ ọ.

Bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú nìyí. Kí ìdí èèkù wọ àtẹ́lẹwọ́, kó sá síbẹ̀, kó má yọ lókè ọwọ́ bí bíírò. Àtàǹpàkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìka mẹ́ta yòókù ká a mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ìka ìfábẹ̀lá sì nà sórí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, kó dúró níbi tí èèkù ti pàdé irin. Ìka yìí ni agbára ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́ọ̀kì, eyín rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má sún dé ibi eyín. Ìgúnpá méjèèjì sún mọ́ ìhà. Ẹni tó bá na tiẹ̀ síta á máa gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ gé ẹran, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ ìwọ̀n òkèlè kan mọ́lẹ̀, ẹ fa ọ̀bẹ lẹ́bàá fọ́ọ̀kì gan-an, díẹ̀díẹ̀, láìfi agbára rẹ́ ẹ bí ẹní ń fi ayùn rẹ́ pákó. Bí ọ̀bẹ bá jìnnà sí fọ́ọ̀kì, ẹran á yí, ọbẹ̀ á sì ta sí aṣọ. Ẹ gé ẹyọ kan, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ tó gé òmíràn. Gígé gbogbo rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọdé ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra: àwọn tọ̀hún máa ń gé ẹran tán, wọ́n á fi ọ̀bẹ lélẹ̀, wọ́n á gbé fọ́ọ̀kì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní London, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀.

Green peas, ẹ̀wà róbótó aláwọ̀ ewé yẹn, ni ìdánwò tó le jù. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì ló ń gbé e. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi eyín fọ́ọ̀kì mú ẹran tàbí pòtétò díẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ ti ẹ̀wà mẹ́rin márùn-ún lé e lórí, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ kó lẹ̀ mọ́ pòtétò. Ẹni tó bá fẹ́ kó ogún lẹ́ẹ̀kan náà á máa ṣa á lórí itan. Láàárín ọ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ òyìnbó fúnra wọn máa ń yí fọ́ọ̀kì sókè kí wọ́n fi bu ẹ̀wà. Tó bá jẹ́ ìrẹsì tàbí curry, ẹ lè fi ọ̀bẹ sílẹ̀, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ohun tí kò níyì níbikíbi ni kí ẹ tẹ orí wá bá àwo. Oúnjẹ ló ń gòkè wá bá ẹnu.

Bí ẹ bá sì rò pé inú irin ni wọ́n bí wọn sí, ẹ gbọ́: nígbà tí Thomas Coryat, arìnrìn-àjò ọmọ England kan, rìnrìn àjò dé Ítálì lọ́dún 1608, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́ọ̀kì jẹun nígbà tó padà sí England, ńṣe ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ àti ọ̀bẹ làwọn baba wọn fi ń jẹ tiwọn.

Irin náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ. Tí ẹ bá ń sinmi, tàbí tí ẹ bá fẹ́ mu omi, ẹ fi méjèèjì lélẹ̀ nínú àwo ní yíyà: orí wọn súnra ní àárín, èèkù ọ̀bẹ ní ibi aago mẹ́rin, ìdí fọ́ọ̀kì ní ibi aago mẹ́jọ, eyín rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ ò tíì jẹ tán. Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ to wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdí wọn sí ibi aago mẹ́fà, eyín fọ́ọ̀kì kọjú sókè, ojú ọ̀bẹ sì kọ sí fọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ ní yíyà lẹ́yìn tó ti yó, ó lè dá gbogbo tábìlì dúró, torí nílé àrójẹ tó mọṣẹ́, wọn kì í fẹ́ kó àwo kankan títí ẹni tó gbẹ̀yìn á fi tò tiẹ̀ pọ̀. Ọ̀bẹ tí ẹ ti lò kò gbọ́dọ̀ kan aṣọ tábìlì mọ́. Ẹ má sì fi fọ́ọ̀kì júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀.

Súùpù àti búrẹ́dì

Ẹ bu súùpù láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí iwájú, kí ṣíbí nu ìdí rẹ̀ létí abọ́ ọ̀hún kí ó tó padà wá. Ohun tó bá kán á kán sínú abọ́, kì í ṣe sáyà. Ẹ̀gbẹ́ ṣíbí lẹ máa mu ún, ẹ má ki gbogbo orí rẹ̀ bọ ẹnu, kí ó má sì dún. Bó bá gbóná, ẹ má fẹ́ ẹ: ẹ máa bu ti òkè díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tutù. Èyí tó kù nísàlẹ̀, ẹ gbé etí abọ́ sókè díẹ̀ kó dà sí ọ̀hún, kí ẹ fi bù ú.

Ẹ má gé búrẹ́dì róbótó yẹn lọ́bẹ. Ẹ fọwọ́ bù ú ní ìwọ̀n ohun tí ẹnu lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi bọ́tà sí ẹyọ yẹn nìkan, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ tó bu òmíràn. Bọ́tà, ẹ kọ́kọ́ gé díẹ̀ sínú àwo búrẹ́dì tiyín. Ẹ má ti inú àwo bọ́tà gbogboogbò pa á sórí búrẹ́dì tààrà.

Oúnjẹ gangan

Ẹ jẹ́ ká mú oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Sunday, Sunday roast, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń pe àlejò sí jù. Ẹran yíyan ńlá kan ni onílé á gé, pòtétò tí wọ́n fi òróró yan, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, pẹ̀lú gravy. Bó bá jẹ́ ẹran màlúù, Yorkshire pudding á bá a wá. Ẹ má tìtorí orúkọ rẹ̀ fi í pamọ́ di ìgbẹ̀yìn, kò dùn bí kéèkì, inú rẹ̀ ni ẹ máa da gravy sí.

Àwọn abọ́ á máa lọ káàkiri tábìlì. Ẹ bu níwọ̀nba, pòtétò mẹ́ta, ẹran gígé méjì, ẹ gbé e fún ẹnìkejì yín. Kò sẹ́ni tó ń jẹun títí ti gbogbo èèyàn á fi wà níwájú wọn, tí onílé á sì mú fọ́ọ̀kì tiẹ̀. Bó bá ní "please start", tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, torí oúnjẹ ń tutù, ẹ bẹ̀rẹ̀. Níbi òde tí èrò pọ̀, tí àwọn tó yí yín ká bá ti rí tiwọn, ó ti tó.

Iyọ̀ jìnnà? "Could you pass the salt, please?" Ẹni tí wọ́n bá bi á gbé iyọ̀ àti ata dúdú pọ̀, torí méjèèjì kì í pínyà. Ẹ tọ́ oúnjẹ wò ná kí ẹ tó bu iyọ̀ sí i: àfi bí ẹni tó ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ẹnu ẹlẹ́jọ́ ni bíbu iyọ̀ láìtọ́ wò ń rí lójú alásè. Bí ó bá ṣe yín bí ẹni pé ata kò sí nínú oúnjẹ náà rárá, òótọ́ ni, kò sí. Ẹ má fa ìgò ata yọ nínú báàgì. Mọ́sítádì Gẹ̀ẹ́sì àti horseradish, ọbẹ̀ gbòǹgbò kan tó ń ta, wà fún ẹran màlúù, ìwọ̀n èékánná kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ bu sí ẹ̀gbẹ́ àwo, torí imú ni ata tiwọn ń gbà, omijé á sì lé ròrò. Ọbẹ̀ mint ni ti ẹran àgùntàn, ti ápù ni ti ẹlẹ́dẹ̀.

Egungun jẹ́ ọ̀ràn tó le fún wa. Adìẹ tó wà lórí tábìlì wọn, ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń yọ ẹran kúrò lára egungun rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ti kù nìyẹn. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Níta, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹran, ẹ lè fọwọ́ mú un, àmọ́ níbẹ̀ náà, ariwo egungun kì í ṣe orin. Egungun ẹja tó bá há sẹ́nu, ẹ fi ìka méjì yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ fi sí etí àwo. Ẹran tí kò ṣeé jẹ, ẹ fi fọ́ọ̀kì gbà á padà. Ẹ má wẹ̀yìn tu ú sínú nápíkìn, torí ẹlòmíì ló máa fọ̀ ọ́.

Abọ́ omi kékeré tó ní ègé lẹ́mọ́ọ̀nù nínú, tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn edé tàbí oúnjẹ àfọwọ́jẹ, ẹ má mu ún. Orí ìka nìkan lẹ máa tì bọ̀ ọ́, ẹ má fọ ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́ bíi ti ẹni tó jẹ iyán tán.

Wàyí o, ohun kan wà tó ń fi ebi pa ọmọ Yorùbá. Ní ọ̀dọ̀ wa, àlejò á kọ́kọ́ ní "rárá, mo ti yó", onílé á ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ sí i", a ó rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà. Òyìnbó, bí ẹ bá ní "no, thank you", á gbà yín gbọ́, á gbé abọ́ lọ, kò sì ní padà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ nígbà àkọ́kọ́: "Yes please, that would be lovely." Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ò ní láti ṣẹ́ oúnjẹ kù fáwọn ọmọ, jíjẹ ẹ́ tán ni ìyìn fún alásè.

Ọ̀rọ̀ sísọ

Wọ́n kọ́ wa pé bí a bá ń jẹun, ká dákẹ́. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á rò pé inú ń bí i ni. Nítorí náà, ẹ máa gé òkèlè kékeré tó ṣeé gbé mì kíá bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè. Ẹnu tó kún kì í là. Ẹ bá ẹni tó wà lọ́tùn-ún sọ̀rọ̀, ẹ yíjú sí ẹni tó wà lósì náà. Bí ojú ọjọ́ òní ṣe rí, ìrìn àjò, ọgbà, bọ́ọ̀lù, iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹ má béèrè owó oṣù, ọjọ́ orí, iye tí wọ́n fi ra ilé, tàbí ìdí tí ẹnì kan kò fi tíì bímọ. Oúnjẹ dùn? Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dárúkọ ohun tó dùn níbẹ̀, ó tó.

Gígùfẹ̀ kì í ṣe ìmoore lọ́dọ̀ wọn. Bó bá yọ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ ní "excuse me", ẹ má rẹ́rìn-ín. Igi ìtayín dìgbà tí ẹ bá dé ilé ìwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni imú fífọn.

Pudding, wàràkàṣì àti port

Ti pudding, ṣíbí lọ́tùn-ún, fọ́ọ̀kì lósì: fọ́ọ̀kì ń tì í, ṣíbí ń gbé e. Wàràkàṣì tí wọ́n gé bí igun mẹ́ta, ẹ gé e ní gígùn, láti ẹnu ṣóńṣó lọ sí ẹ̀yìn, kí kálukú lè rí nínú àárín rẹ̀. Ẹni tó bá gé ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ jẹ ti jí ibi tó dùn jù gbé.

Níbi òde ńlá, ìgò port, wáìnì dídùn kan tó lágbára, á máa yípo láti ọwọ́ sí ọwọ́, apá òsì nìkan ló ń lọ. Ẹ bu tiyín, ẹ gbé e fún ẹni tó wà lósì yín. Bí ẹnì kan bá ṣàdédé bi yín pé ṣé ẹ mọ Bíṣọ́ọ̀bù Norwich, kò béèrè àlùfáà kankan o. Ohun tó ń sọ ni pé ìgò ti há sọ́dọ̀ yín, kí ẹ gbé e kọjá. Bí wọ́n bá sì ní kí gbogbo èèyàn dìde mu fún Ọba, ẹ dìde, ẹ gbé gíláàsì sókè, ẹ ní "The King", ẹ mu díẹ̀, ẹ jókòó. Ẹ má gbá gíláàsì mọ́ra wọn.

Afternoon tea

Nǹkan bí ọdún 1840 ni wọ́n sọ pé Anna, Duchess ìlú Bedford, dá àṣà yìí sílẹ̀, torí ebi tó ń pa á láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́ tó ń pẹ́. Àtẹ alájà mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé e wá: ìsàlẹ̀ lẹ ti ń jẹ lọ sókè, sáńwíìṣì, scone tó jẹ́ búrẹ́dì kékeré róbótó, kéèkì. Ìka ni wọ́n fi ń mú sáńwíìṣì.

Ẹ la scone sí méjì lágbede méjì, ẹ fi kírímù àti jáàmù sí ìlàjì kọ̀ọ̀kan, ẹ má pa á dé bíi búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ní Devon, kírímù ló ń ṣáájú. Ní Cornwall, jáàmù. Àwọn tọ̀hún ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀ yìí tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ ṣe bí onílé bá ṣe ṣe.

Tíì ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí wàrà tẹ̀ lé e. Ẹ má yí ṣíbí po. Ẹ máa tì í síwá sẹ́yìn bí ọwọ́ aago méjìlá sí mẹ́fà, kó má kan ife, kí ẹ wá fi sórí sọ́sà lẹ́yìn ife. Ìka kékeré tí àwọn kan máa ń nà sókè yẹn, ẹ ká a mọ́lẹ̀; eré sinimá ni.

Ilé àrójẹ àti pub

Ẹni tó pe èèyàn ló sábà máa ń sanwó, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀rẹ́ àti òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ẹni, wọ́n máa ń pín in dọ́gba. Ẹ mú owó lọ. Ẹ má ta ìka, ẹ má pọ̀ṣẹ́, ẹ má kígbe pe wétà. Ẹ wojú rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ẹ ka ìwé owó dáadáa: bí "service charge" bá ti wà níbẹ̀, nǹkan bí ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ò ní láti fi ẹ̀bùn míì sí i. Bí kò bá sí, ìdá mẹ́wàá tó. Láti oṣù October ọdún 2024, òfin ti wà pé gbogbo ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ kò lè yọ nínú rẹ̀.

Nínú pub, ilé ọtí wọn, ìyípo ni. Bí mẹ́rin bá jókòó, ẹnì kan á ra fún mẹ́rin, ẹlòmíì á ra tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá mu ti ẹni mẹ́ta kí ẹ tó sọ pé ẹ ń lọ sílé, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á rántí. Ẹni tí kì í mu ọtí lè mu omi ọsàn, ṣùgbọ́n á ra tiẹ̀ fún wọn.

Bí nǹkan bá bà jẹ́

Fọ́ọ̀kì já bọ́ nílé àrójẹ: ẹ fi sílẹ̀, ẹ béèrè òmíràn. Nílé èèyàn, ẹ gbé e, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tó mọ́. Ẹ mú fọ́ọ̀kì tí kì í ṣe tirẹ̀: ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó kú. Wáìnì dà: ẹ ní "I'm so sorry" lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi nápíkìn fà á, ẹ yọ̀ǹda láti sanwó ìfọṣọ. Ẹ má tọrọ àforíjì títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ á wá di ti gbogbo tábìlì. Oúnjẹ tí kò bá bá yín lára mu, ẹ jẹ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ tan èyí tó kù káàkiri àwo, ẹ to irin pọ̀.

Tí ó bá tó àkókò àtilọ

Lẹ́yìn kọfí, nígbà tí ẹnì kan bá ti kọ́kọ́ dìde, ẹ̀yin náà lè dìde. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́ kó àwo; bí wọ́n bá ní rárá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má to àwo lé ara wọn níbi òde ńlá. Ẹ má sì béèrè ọ̀rá tí ẹ fẹ́ fi di èyí tó kù, àfi tí onílé bá fúnra rẹ̀ fi lọ̀ yín.

Lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ dúpẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀gá tàbí àgbà ló pè yín, ẹ fi ọwọ́ kọ káàdì ránṣẹ́. Ìlà mẹ́ta tó: ẹ dúpẹ́, ẹ dárúkọ ohun kan tí ẹ jẹ, ẹ dárúkọ ohun kan tí ẹ jọ sọ. Láàárín oṣù kan sí méjì, ẹ pè wọ́n padà. Ìgbà yìí ni jọ̀ọ́lọ́ọ̀fù yẹn tó máa jáde, ṣùgbọ́n ẹ dín ata rẹ̀ kù sí ìdá mẹ́rin, kí ẹ bu ìyókù sínú abọ́ lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá láyà.